Agbára mi ń tán ní Onípàńù: kí lẹ máa ń jẹ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sá kílómítà 30?

OmoOjota

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi.

Mò ń gbára dì fún Lagos City Marathon oṣù kejì. 10km ni mo ti máa ń sá látẹ̀yìn wá, ti ọ̀tẹ̀ yìí mo fẹ́ sá gbogbo kílómítà 42 yẹn tán pátápátá kí n lè pa ẹnu àwọn kan mọ́ nílé wa. Àwọn eré kéékèèké àárín ọ̀sẹ̀ ò ní wàhálà rárá, eré gígùn Sátidé ló ń bá mi fà á. Ọjọ́ta ni mo ti máa ń gbéra, màá gba Ikorodu Road, Maryland, Anthony, Palmgrove, Fadeyi, títí dé Ojúẹlẹ́gba, Stadium, Costain, màá gun Eko Bridge dé Apọ́ńgbọ̀n, màá wá yí padà. Tí mo bá fi máa délé ó ti ń sún mọ́ kílómítà 30. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde kí oòrùn àti àwọn danfo má baà ká mi mọ́ títì.

Lílọ ò ní wàhálà. Àwọn ọmọ kan máa ń kóra jọ ní Maryland, a jọ máa ń sá a dé Stadium, wọ́n yára díẹ̀ sí mi ṣùgbọ́n mo máa ń bá wọn dé ibẹ̀, tí wọ́n bá ti yà mo máa ń kọrin lórí Eko Bridge gan-an, atẹ́gùn ọ̀sà á máa fẹ́ sí mi lára. Àbọ̀ ni ìyọnu. Tí mo bá ti kọjá Fadeyi báyìí, ìtàn á yí padà. Ti Sátidé tó lọ yìí ló wá burú jù, kí n tó dé Onípàńù òógùn tútù ti bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò gbọ́ tèmi mọ́, mo wo wọ́ọ̀ṣì ó ń fi 24 hàn mí, ẹ gbà mí gbọ́ mi ò lè yọ 24 kúrò nínú 30, mo dúró mò ń ṣírò ẹ̀ lórí ìka. Mo di irin bọ́sì stọ́ọ̀pù BRT mú. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo "Ọjọ́ta Ọjọ́ta, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o", ó kù díẹ̀ kí n wọlé. Màmá kan tó ń to búrẹ́dì sórí tábìlì ló rí mi, ó ní "ìwọ ọmọ yìí, jókòó, ṣé o tiẹ̀ ti jẹun?" Ó bu Agége fún mi, ó rán ọmọ ẹ̀ lọ mú mínírà kan wá. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ojú mi là. Mo dìde, mo rìn dé Maryland, mo tún wá sá ìyókù délé.

Ohun tí ò yé mi nìyí o. Alẹ́ Fráídè mo jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀gúsí, mo yó dáadáa. Láàárọ̀ omi nìkan ni mo máa ń mu torí inú mi máa ń dà rú tí mo bá jẹun kí n tó sáré, lójú ọ̀nà náà piọ́ wọ́tà ni. Àbúrò mi ní malaria ni. Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ blood tonic. Ọ̀rẹ́ mi kan ní gym ní kí n lọ ra jẹ́ẹ̀lì òyìnbó tí wọ́n ń fà mu, mo bèèrè owó ẹ̀ mo rọra fi í sílẹ̀. Màmá tún ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá fi mínírà àti ṣúgà ṣe àṣà ní ìdájí jẹ̀díjẹ̀dí á dá mi gúnlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá a rí, kí lẹ máa ń jẹ, ìgbà wo lẹ sì máa ń jẹ ẹ́? Ṣé ara mi ni ò gbé e ni àbí oúnjẹ?

MushinBoiz

Oúnjẹ ni. Màmá búrẹ́dì yẹn ti dáhùn ìbéèrè yìí kó o tó wá bi wá 😂 lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

EgbonAkoka

Àbúrò, MushinBoiz ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ, torí tó bá yé ẹ dáadáa, ìwọ fúnra ẹ á mọ ohun tó yẹ kó o ṣe, o ò ní máa bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Oúnjẹ afúnnilókun tá a bá jẹ, ẹ̀bà, ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì, ara máa ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́, glycogen ni wọ́n ń pè é. Ibi méjì pàtàkì ló ń kó o sí. Ó ń kó èyí tó pọ̀ jù sínú iṣan ara, bíi gíráàmù 300 sí 500 lára àgbàlagbà, ó ń kó díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀, bíi 80 sí 100. Gíráàmù kan ń fún ẹ ní kálórì mẹ́rin, torí náà tí gbogbo ẹ̀ bá kún dẹ́nu, bíi kálórì 1,500 sí 2,400 ni. Wàyí o, eré sísá ń gba bíi kálórì kan fún kílò ara kan fún kílómítà kan. Ká ní kílò 70 ni ọ́, kílómítà 30 á gba bíi 2,100. Ọ̀rá ara á bá ẹ dá díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rá pọ̀ lára gbogbo wa kódà lára ẹni tó rù kan eegun, ṣùgbọ́n ọ̀rá ò yá, ó ń lọ́ra, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ kó tó di agbára. Bó o bá ṣe ń yára tó ni ara á ṣe máa pa ọ̀rá tì táá máa bu glycogen jẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Maryland tó yára jù ẹ́ ti ń fi ọgbọ́n jí tìẹ kó, o ti ná an tán lójú ọ̀nà lílọ kó o tó bẹ̀rẹ̀ orin lórí Eko Bridge.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: èyí tó wà nínú iṣan ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló lè lò ó. Kò lè dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀ kó gbé e fún ọpọlọ, bí ìgbà tí tanki aládùúgbò ẹ kún fún omi àmọ́ tí kò sí páìpù tó gbà á wá sọ́dọ̀ ẹ. Ẹ̀dọ̀ ní pàtàkì ló ń da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọpọlọ, ọpọlọ àgbàlagbà sì ń jẹ bíi gíráàmù 120 lójúmọ́, bó o sùn bó o jí. Torí náà gbogbo òru tó o fi ń hanrun lẹ́yìn ẹ̀bà yẹn, ẹ̀dọ̀ ẹ ń náwó lọ ni. O jí, o mu omi, o jáde. Ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ti dín kù gan-an kó o tó fi bàtà sẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o ò fi lè yọ 24 kúrò nínú 30, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń dà: ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà ti wálẹ̀ nínú ẹ̀. Ìdí náà nìyẹn tí búrẹ́dì àti mínírà fi jí ẹ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bà ò ṣe nǹkan kan o, ẹ má bá mi bú ẹ̀bà. Gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ afúnnilókun látòkèdélẹ̀, oúnjẹ alẹ́ tó dáa gan-an ni kó tó di ọjọ́ eré gígùn. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ẹ̀gúsí tó ń mì lórí òróró, ọ̀rá máa ń pẹ́ nínú. Ọbẹ̀ díẹ̀, òkèlè púpọ̀, kó o sì jẹ ẹ́ ní aago méje alẹ́ dípò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àárọ̀ tó ò jẹun, àti ọ̀nà tó ò fi nǹkan kan sẹ́nu, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

IsaleEkoOriginal

Ẹ fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Gbogbo ìran yìí ọ̀lẹ ni. Àwọn ìyá wa ń ru ẹrù láti ọjà dé ọjà láyé àtijọ́, ta ló fún wọn ní glúkóòsì? Èmi máa ń gbààwẹ̀ mo sì ń sáré, Ikoyi dé Bar Beach nígbà yẹn, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Àwọn sárésáré ńlá òkè òkun gan-an ń sá eré lórí ikùn òfo, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é kí ara lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ọ̀rá. Tó bá tẹra mọ́ ọn ara á mọ́ ọn lára.

SisiGbagada

Bàbá mi, ẹ kú àgbà o, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ẹ ń sọ yẹn, kí ló wà nínú igbá wọn? Àádùn, ẹ̀kọ tútù, gúgúrú àti ẹ̀pà, gàrí tí wọ́n á fi omi odò rẹ. Wọn ò rìn lórí òfo, ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ọdẹ pàápàá kì í wọ igbó láìmú àádùn dání.

Ti àwọn sárésáré òkè òkun yẹn, òótọ́ ni, àwọn kan ń ṣe é, àmọ́ eré kúkúrú tó rọlẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe, kóòṣì á wà ńbẹ̀ tó ń wò wọ́n, kì í ṣe kílómítà 30 lórí Ikorodu Road. Àwọn olùwádìí kan ní Australia gbìyànjú ẹ̀ lára àwọn tó ń fi ìrìn yíyára díje, wọ́n tẹ àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2017: àwọn tí wọ́n fún ní oúnjẹ ọlọ́ràá, ara wọn jẹ ọ̀rá lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí wọ́n ń lò pọ̀ sí i lórí ìrìn kan náà, wọn ò sì ní ìlọsíwájú tí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ afúnnilókun ní. Ẹ tún wo Kipchoge, sárésáré ọmọ Kenya yẹn, nígbà tó sá kílómítà 42 ní wákàtí 1:59:40 ní Vienna lóṣù kẹwàá 2019, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló ń gbé ohun mímu fún un lórí eré. Ẹni tó yára jù gbogbo wa lọ ń mu nǹkan kó tó pé wákàtí méjì, èmi tí mò ń lo wákàtí márùn-ún wá ní òfo ni màá fi sá a?

Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ míì wọ̀ ọ́, bàbá mi.

IsaleEkoOriginal

Àádùn yẹn o mú mi o 😄 ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mu glúkóòsì.

SisiGbagada

Ẹ mu zobo nígbà náà, ṣúgà ló wà nínú ẹ̀ 😂

OmoOjota, wá gbọ́. Inú mi náà máa ń dà rú tẹ́lẹ̀, pàápàá lọ́nà tí kò sí ibi téèyàn lè yà sí, o mọ bí títì Èkó ṣe rí, obìnrin ni mí ẹ ò lè mọ ìyà ibẹ̀. Ikùn máa ń kọ́ iṣẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ. Má kàn jẹ àwo ìrẹsì Sátidé tó ń bọ̀ o, wàá bì í. Fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tó mọ níwọ̀n ní bíi gíráàmù 27 oúnjẹ afúnnilókun nínú. Tó bá ti bá ẹ lára mu, o fi ẹ̀kọ gbígbóná kún un, ògì funfun pẹ̀lú ṣúgà, má bu mílíìkì sí i, mílíìkì ò dọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ikùn ọ̀pọ̀ nínú wa tá a bá ń sáré. Búrẹ́dì àti oyin náà dáa. Bíi wákàtí kan àbọ̀ sí méjì kó o tó jáde ni kó o jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé wàá ní aago mẹ́ta àbọ̀ òru ti pọ̀ jù, èmi gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, áláàmù á dún, màá mu ún nínú òkùnkùn, màá tún sùn padà.

Alẹ́ Fráídè, sá fún ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ. Mo fẹ́ràn ẹ̀wà agọ̀yìn bí ẹ̀mí mi àmọ́ kì í ṣe alẹ́ Fráídè. Gáàsì á pa ẹ́ lórí bíríìjì.

Lójú ọ̀nà wàyí, dàbínò ni mo gbára lé. Àwọn àbókí ń tà á káàkiri, Ọbáléńdé, Mile 12, Àgége, owó ẹ̀ ò ga bíi ti jẹ́ẹ̀lì. Àwọn gbígbẹ kéékèèké yẹn, hóró kan máa ń ní bíi gíráàmù 5 sí 6. Màá dì í sínú nálọ̀n kékeré, màá fi sínú báàgì ìbàdí. Má dúró kí ebi pa ẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ o! Tí ojú ẹ bá ti ń ṣú, ó ti pẹ́. Tó o bá ti sá fún bíi ogójì ìṣẹ́jú, bẹ̀rẹ̀, bó o yó bó ò yó. Hóró méjì, omi díẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún hóró kan tàbí méjì. Gúm̀gúm̀ lójú kan ló ń da ikùn rú.

OmoOjota

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yẹn ló là mí lójú jù. Ṣé gíráàmù mélòó ló yẹ kí n jẹ ní wákàtí kan gan-an? Kí ni kí n sì sọ fún màmá lórí jẹ̀díjẹ̀dí, torí àwọn ló ń se ògì nílé wa.

EgbonAkoka

30 sí 60 láàárín wákàtí kan ni ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún eré tó bá ju wákàtí kan lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti 30, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kó o máa gbé e sókè. Àwọn ọ̀jẹ̀ ń lọ dé 90 ṣùgbọ́n wọ́n ní láti da oríṣi ṣúgà méjì pọ̀, glucose àti fructose, torí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì ń gbà kúrò nínú ìfun, ọ̀nà kan ò lè gbé gbogbo ẹ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ṣúgà inú agolo nílé màmá ẹ, ìdajì ẹ̀ glucose ni ìdajì fructose. Ohun tí wọ́n ń fi owó gọbọi tà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì aláràbarà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀.

Ṣe é báyìí. Piọ́ wọ́tà méjì, lítà kan nìyẹn. Ṣíbí tíì 15 ṣúgà tí kò ga lórí, gíráàmù mẹ́rin ni ṣíbí kan, ó jẹ́ 60. Iyọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì kan, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó má baà rí tẹ̀ẹ̀ lẹ́nu. Tó o bá mu ìdajì ẹ̀ láàárín wákàtí kan o ti rí 30, dàbínò mẹ́rin tàbí márùn-ún á gbé ẹ kọjá 50. Ó parí. Ooru Èkó náà wà ńbẹ̀ o, tí ara bá gbóná ju ìwọ̀n lọ ó tún máa ń jó glycogen kíákíá sí i, torí náà ohun tó ń tó ẹlòmíì nínú òtútù London lè má tó ìwọ.

Obì ńkọ́? Kí ẹnì kan tó bèèrè. Obì ò fún ẹ lágbára kankan, ó kàn ń la ojú ni, káféènì ló wà nínú ẹ̀. Ojú á là, ẹ̀dọ̀ á ṣì ṣófo.

NoosiYaba

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ bá yín dá sí i torí iṣẹ́ mi ni.

Malaria: tó bá jẹ́ malaria ni, Agége àti mínírà ò ní wò ó láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí ibà bá ń ṣe ẹ́ nílé, tí orí ń fọ́ ẹ, lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, má lo oògùn lásán. Blood tonic náà bẹ́ẹ̀, irin ló wà nínú ẹ̀, èèyàn kì í kàn mu irin torí pé ó rẹ̀ ẹ́. Lọ ṣe PCV, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà lágbègbè ẹ, kò le, tó bá wálẹ̀ wọ́n á sọ ohun tó yẹ fún ẹ. Ó tiẹ̀ dáa kí ẹni tó fẹ́ sá 42 mọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀.

Jẹ̀díjẹ̀dí: sọ fún màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí ló ń wú, ìgbẹ́ gbígbẹ àti kéèyàn máa fi agbára yàgbẹ́ ló máa ń fà á jù, oúnjẹ tí kò ní èso àti ẹ̀fọ́ nínú. Ṣúgà tó o mu lórí eré, ẹsẹ̀ ẹ ti jẹ ẹ́ tán kó o tó délé. Èyí tó yẹ kí wọ́n bá ẹ wí lé lórí ni mínírà tó o ń mu lórí àga ní ìrọ̀lẹ́ láìsáré lọ síbì kankan.

Kí n tún sọ pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, pàápàá ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sókè yìí kì í ṣe fún un, dókítà ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rí. Ìwọ náà, bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́ láìdáwọ́dúró, tó ò ń tọ̀ ṣáá, tó ò ń rù, tàbí tí òógùn tútù yẹn tún wá lẹ́yìn tó o ti jẹun dáadáa, wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Omi ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń sọ pé mu omi, mu omi, mu omi ṣáá. Omi lásán tó bá pọ̀ jù máa ń ṣan iyọ̀ ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á wú, èèyàn lè kú síbẹ̀. Ní Boston Marathon 2002 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 nígbà tí wọ́n parí, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lára 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tó pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ lórí eré, tí wọ́n sì ń mu omi débi pé wọ́n wúwo sí i nígbà tí wọ́n fi máa parí, àwọn lọ̀rọ̀ kàn jù. Àwọn bíi tèmi tá à ń lọ́ra gan-an nìyẹn. Mu ún bí òǹgbẹ bá ṣe gbẹ ẹ́ tó. Àmì ẹ̀ sì fẹ́ jọra pẹ̀lú ti ebi, orí á fọ́, èébì á gbé e, á máa sọ ìsọkúsọ, torí náà tí ẹ bá rí ẹni tó ṣubú lójú eré tó ti mu piọ́ wọ́tà lámujù, ẹ má tún máa da omi sí i lẹ́nu o, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera.

Ẹ tún má fi omi ṣúgà EgbonAkoka rọ́pò ti ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ti ọmọ, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan. Ti sárésáré dùn jù fún ọmọ aláìsàn.

EgbonAkoka

Ẹ ṣé Nọ́ọ̀sì, ìyẹn ṣe pàtàkì.

MushinBoiz

Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di yunifásítì. Èmi gala àti La Casera ni mo fi sá half marathon tèmi o, kílómítà 21.

SisiGbagada

Báwo ni gala yẹn ṣe rí nínú ẹ ní kílómítà 18?

MushinBoiz

...a ò ní sọ ìyẹn níbí 😩

OmoOjota

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ètò Sátidé mi kí ẹ bá mi wò ó. Fráídè: ẹ̀bà, ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú ẹja, kò gbọdọ̀ kọjá aago méje àbọ̀. Aago mẹ́ta àbọ̀ òru: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ife ògì kan, kí n sùn padà. Báàgì ìbàdí: dàbínò, owó mínírà àti owó ọkọ̀. Ìgò omi ṣúgà kan lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Maryland, màá kí wọn màá jẹ́ kí wọ́n lọ. Ibi tó kù ni pé ìgò lítà kan wúwo lọ́wọ́ láti Ọjọ́ta dé Apọ́ńgbọ̀n, ó ń fa èjìká.

EgbonAkoka

Má gbé lítà kan. Pín in sí méjì. Gbé ìdajì dání, gbé ìdajì fún màmá oníbúrẹ́dì ní Onípàńù nígbà tó o bá ń lọ, kí wọ́n bá ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú kúlà, wàá gbà á nígbà tó o bá ń bọ̀. Fún wọn ní nǹkan díẹ̀ o, má lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Aago márùn-ún àbọ̀ wọ́n lè má tíì jáde, torí náà lọ bá wọn ṣètò ẹ̀ lọ́jọ́ Thursday.

Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, pa ọ̀nà tààrà tì, wá máa sáré yí po ní UNILAG pẹ̀lú wa ní Sátidé. Gbogbo ìgbà tó o bá yí ẹsẹ̀ kan, wàá kan ìgò ẹ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tààrà tó lọ tó bọ̀ burú fún ẹni tó ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ lórí eré, torí tí nǹkan bá bàjẹ́ ní Apọ́ńgbọ̀n, o jìnnà sílé.

OmoOjota

Màá bá màmá Onípàńù sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín mi. Ìbéèrè kan ló kù. Dàbínò yẹn, ṣé kí n yọ kóró ẹ̀ nílé ni àbí kí n máa tu ú dànù lójú ọ̀nà?

SisiGbagada

Yọ ọ́ nílé! Kóró yẹn le, èèyàn tó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ ò ní rántí pé ó wà ńbẹ̀ títí táá fi fi eyín lé e. Lẹ́yìn tó o bá yọ ọ́ tán, yí wọn nínú gàrí gbígbẹ díẹ̀ kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra nínú nálọ̀n, tí ooru bá mú wọn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò ní lè já wọn.

NoosiYaba

Gàrí lára dàbínò kẹ̀! Mo máa dán ìyẹn wò.